Fákítìrì, startup, iléeṣẹ́ ìwádìí ìjọba, iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì àbí òkè òkun: èwo ni kí ẹnjiníà tó fẹ́ máa ṣe ọjà tuntun mú?

Tẹ́ ẹ bá sọ nílé pé mechanical engineering lẹ kà, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi yín ni pé ṣé ẹ lè wá bá wọn wo mọ́tò tó ń gbóná. Ìyẹn ò tiẹ̀ burú. Ibi tó ti ń dunni gan-an ni ìgbà tẹ́ ẹ bá parí NYSC, tẹ́ ẹ wá ń wá ibi tí wọ́n ti ń ro nǹkan láti ìbẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń yà á, tí wọ́n ń ṣe àwòṣe ẹ̀, tí wọ́n ń fìyà jẹ ẹ́ títí tó fi yẹ fún títà, ìyẹn product development, tẹ́ ẹ wo gbogbo ibi tí wọ́n ti ń polówó iṣẹ́, tó jẹ́ maintenance engineer, facility engineer àti sales engineer ló kún bẹ̀ fọ́fọ́. Iṣẹ́ yẹn wà o, orúkọ míì ló ń jẹ́ ni: design engineer, R&D engineer, packaging engineer, tooling engineer, CAD engineer (CAD ni yíya nǹkan lórí kọ̀ǹpútà). Nígbà míì wọ́n á kàn kọ project engineer síbẹ̀, inú intafíù lẹ ti máa gbọ́ ohun tó jẹ́ gan-an.

Fún ẹni tó wà ní Nàìjíríà, ọ̀nà tó wọ inú iṣẹ́ yìí ò fi bẹ́ẹ̀ ju márùn-ún lọ: fákítìrì, startup tó ń ṣe nǹkan tó ṣeé fọwọ́ kàn, iléeṣẹ́ ìwádìí ìjọba, iṣẹ́ CAD lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àti òkè òkun. Kí n tó mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo fi ń wọ̀n wọ́n, torí tí kálukú bá ń fi òṣùwọ̀n tiẹ̀ wọ̀n ọ́n, ariwo lásán la máa pa.

Owó kọ́kọ́ ni, kì í ṣe iye tí wọ́n kọ sínú lẹ́tà nìkan o, ìgbà tó ń wọlé, àti iye tẹ́ ẹ máa ná lápò ara yín kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Lẹ́yìn ìyẹn, ìdánilójú: ṣé iṣẹ́ náà á ṣì wà lọ́dún méjì sí i? Ìkẹta, kí lẹ máa rí mú jáde níbẹ̀ tẹ́ ẹ lè fi han ẹlòmíì? Ìkẹrin lèmi kà sí jù, òun làwọn èèyàn kì í sì í béèrè: láàárín ọdún kan, ẹ̀ẹ̀melòó ni ohun tẹ́ ẹ yà máa di irin tàbí ike tó ṣeé dì mú, tó máa padà wá bá yín pé òun ò ṣiṣẹ́, tẹ́ ẹ máa tún un yà? Ẹni tó ya ihò bọ́ọ̀tì M6 (èyí tó nípọn 6mm) ní 6mm géérégé lórí kọ̀ǹpútà, tí wọ́n gé e, tí wọ́n kùn ún lọ́dà, tí bọ́ọ̀tì wá kọ̀ tí ò wọlé, tí wẹ́dà ń wò ó lójú bíi pé yunifásítì wo nìyí tiẹ̀ lọ, ẹni yẹn ò ní gbàgbé mọ́ láé pé 6.6mm ló yẹ kóun fi sílẹ̀. Gbogbo wa la ka table yẹn nílé ìwé, kì í dúró lórí àfi kí irin fúnra ẹ̀ sọ ọ́. Torí náà, ibi tí irin bá ti máa ń tètè dáni lóhùn ni mo máa ń fún ní máàkì tó pọ̀.

FÁKÍTÌRÌ

Ìkẹjà, Àgbárá, Ọ̀tà, Ṣágámù, Ìbàdàn. Ọ̀nà yìí ni gbogbo èèyàn mọ̀. Ẹ lè bá graduate trainee wọlé lẹ́yìn ìdánwò orí kọ̀ǹpútà, tàbí kẹ́ ẹ gba ẹnu maintenance wọlé, kẹ́ ẹ wá rọra sún lọ sí project tàbí packaging. Owó oṣù máa ń wọlé lásìkò, pension wà, HMO wà, bọ́ọ̀sì iléeṣẹ́ lè máa gbé yín láti ẹ̀gbẹ́ títì. Fún ẹni tí àbúrò mẹ́ta ń wojú ẹ̀ fún school fees, ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn.

Àmọ́ ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ wọ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀ka iléeṣẹ́ òyìnbó tó lórúkọ ni, ọ̀pọ̀ ìgbà ìlú òyìnbó ni wọ́n ti ya ọjà náà tán, tiyín níbí ni kí ẹ̀rọ má dúró, kẹ́ ẹ sì wá bí wọ́n ṣe máa fi ohun tó wà nílé pààrọ̀ èyí tí wọ́n ń fi dọ́là rà. Ẹ lè lo ọdún mẹ́ta níbẹ̀ kó jẹ́ pé nǹkan méjì péré lẹ yà tó di gidi. Ìdánilójú tí wọ́n sì ń pariwo yẹn náà níbi tó mọ: lọ́dún 2023 nìkan, GSK kéde pé àwọn ń kúrò ní Nàìjíríà, kí ọdún yẹn tó parí P&G náà ní àwọn ò ní ṣe ọjà níbí mọ́, àwọn á kàn máa kó o wọlé ni. Àwọn ẹnjiníà tó wà nínú ilé yẹn ò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò dáadáa làwọn fákítìrì tí kò lórúkọ lórí tẹlifíṣọ̀n, àwọn tó ń ṣe ike, ìdérí ìgò, àga ọ́fíìsì, pánẹ́ẹ̀lì iná, ilé jẹnẹrétọ̀ tí kì í jẹ́ kí ariwo jáde, ara bọ́ọ̀sì. Oníbàárà wọn kì í yéé fẹ́ nǹkan tó yàtọ̀ díẹ̀ sí ti àná, ẹnì kan ló sì gbọ́dọ̀ yà á. Owó ibẹ̀ lè má fi bẹ́ẹ̀ pọ̀, ọ̀gá lè máa pariwo láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹ má torí ẹ̀ sá. Nílé ike, mould, ìyẹn irin tí wọ́n ń rọ ike sínú ẹ̀ kó lè gba ìrísí, ló wọ́n jù, Ṣáínà ni wọ́n sì sábà ti ń gé e wá, tẹ́ ẹ bá fi dírọ́ìnnì tí ò dáa ránṣẹ́, owó gọbọi ló ti wọgbó yẹn. Ẹ máa kọ́ ọ níbẹ̀ pé tí ara ike bá nípọn 3mm, egungun tẹ́ ẹ fi tì í lẹ́yìn ò gbọ́dọ̀ ju nǹkan bí 1.8mm lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ojú ike á jìn sínú gẹ́lẹ́ níbi tí egungun yẹn wà, gbogbo ẹni tó bá gbé e síwájú iná ló máa rí i. Ẹ máa kọ́ ọ pé ògiri tó bá dúró ṣánṣán, tí ẹ ò jẹ́ kó tẹ̀ ní dìgírì kan tàbí méjì, kò ní fẹ́ jáde nínú mould. Ẹni tó bá ti fojú ara ẹ̀ rí i báyìí, tó bá ń sọ ọ́ nínú intafíù níbikíbi láyé, wọ́n á mọ̀ pé kò há a sórí.

STARTUP

Àwọn tó ń ṣe sólà, ọ̀kadà oníná, fìríìjì tó ń lo oòrùn. Ẹ máa gbọ́ orúkọ bíi MAX ní Èkó, Spiro tó fi ọ̀kadà tí wọ́n ń pààrọ̀ bátìrì ẹ̀ lójú títì kún Kútọnu àti Lómè, ColdHubs ní Owerri tó ń gbé yàrá tútù oníòòrùn sáàárín ọjà káwọn aláta àti eléso má bàa máa da ẹrù nù. Àwọn kéékèèké tí ẹ ò gbọ́ orúkọ wọn rí náà wà.

Tó bá jẹ́ òṣùwọ̀n kẹrin yẹn ni, ibí ló gbapò kìíní láìsí àríyànjiyàn. Ẹ lè yà á ní Mọ́ńdè, kí wẹ́dà ti jó o tán ní Fúráìdè. Tẹ́ ẹ bá ya irin tó máa di bátìrì mú lára ọ̀kadà, kòtò ojú títì máa bá yín yẹ̀ ẹ́ wò kí oṣù tó parí, ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n jó ló sì sábà máa kọ́kọ́ là, kì í ṣe ibi tí kọ̀ǹpútà yín kùn ní pupa. Ọlọ́kadà á gbé e wá, á bínú, ẹ máa gbé e yẹ̀wò lójú ẹ̀, ẹ máa rí bí ìlà yẹn ṣe gba ẹ̀gbẹ́ wẹ́ẹ̀dì lọ. Kò sí kíláàsì tó jù bẹ́ẹ̀.

Owó ńkọ́? Hmm. Ó lè dáa ju ti fákítìrì lọ tí owó àwọn olùdókòwò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ó sì lè di kẹ́ ẹ ní sùúrù díẹ̀ títí dìgbà tí ẹ ò ní lè wọkọ̀ lọ sẹ́nu iṣẹ́ mọ́. Tí wọ́n bá ń ṣèlérí share fún yín, ẹ kà á sí àjẹmọ́nú lásán, owó tó ń wọ àkáǹtì lẹ fi ṣírò ìnáwó yín. Àwọn ìbéèrè kan wà tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ bi wọ́n kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ má tijú: ṣé ẹ̀yin lẹ ń ya ọjà yìí àbí àpòtí ló ti ń bọ̀ láti Ṣáínà tẹ́ ẹ kàn ń to pọ̀? Ta lá máa wo dírọ́ìnnì mi kó tó lọ síbi tí wọ́n ti ń gé e? Owó tó wà nílẹ̀ á gbé yín dé ìgbà wo? Tí ìdáhùn sí èkejì bá jẹ́ pé ìwọ nìkan ni, ẹ ro ó dáadáa. Ẹni tó jẹ́ pé òun nìkan ni mechanical engineer nínú ilé máa mọ nǹkan ṣe, àmọ́ ìwà burúkú tó bá wọ inú dírọ́ìnnì ẹ̀ kò ní sẹ́ni tó máa bá a lé e jáde. Ẹ wá ibi tí ẹ̀gbọ́n kan wà tó ti ṣe é rí.

IJỌBA

FIIRO, iléeṣẹ́ ìwádìí ìjọba ní Oṣòdì, ti wà látọdún 1956, àwọn ló wà lára àwọn tó sọ gàrí ṣíṣe di iṣẹ́ ẹ̀rọ. PRODA wà ní Enugu látọdún 1971. NASENI, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1992, ló ní àwọn ilé bíi EMDI ní Àkúrẹ́ àti NEDDI ní Nnewi lábẹ́. Lórí ìwé, kò sí ibi tó bá product development mu tó ìwọ̀nyí, òun gan-an ni wọ́n dá wọn sílẹ̀ fún.

Ìdánilójú ibẹ̀ lágbára jù nínú márààrún, owó ìjọba ni, ẹ ò ní sùn kẹ́ ẹ jí kí wọ́n ní iléeṣẹ́ ti kó lọ. Àmọ́ kò pọ̀, ó sì ní ìlà tó ń tọ̀. Gbígbaṣẹ́ síbẹ̀ kì í ṣe nǹkan tí wọ́n ń polówó lóṣooṣù, ẹ mọ bó ṣe ń lọ nílẹ̀ yìí. Bí nǹkan ṣe ń yára di irin sinmi lórí ìgbà tí owó bọ́jẹ́ẹ̀tì bá jáde, ẹ lè ya ẹ̀rọ kan kó dúró sórí kọ̀ǹpútà títí ọdún fi yí. Ẹni tó ń ronú master's àti PhD, tó fẹ́ kọ ìwé, tó fẹ́ gba patent, ibẹ̀ á bá a lára mu. Ìforúkọsílẹ̀ COREN, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso àwọn ẹnjiníà, náà wúlò níbẹ̀ ju nínú startup lọ, tí ọ̀pọ̀ wọn kì í tiẹ̀ béèrè.

Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ọ̀nà yìí jù ni SIWES (IT àwọn akẹ́kọ̀ọ́) àti NYSC. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fi oṣù mẹ́fà IT ẹ̀ jókòó sí ọ́fíìsì alámùúlétutù tó ń ru àkàbà kiri, ì bá ti wà níbi tí lathe (ẹ̀rọ tó ń yí irin gé) àti ẹ̀rọ tó ń tẹ irin ti wà, níbi tí àwọn àgbà tó mọ iṣẹ́ ti rí àyè láti ṣàlàyé torí iṣẹ́ ò lé wọn. Ẹ kọ lẹ́tà, ẹ mú un lọ fúnra yín.

ORÍ ÍNTÁNẸ́Ẹ̀TÌ

Ẹni tó ní laptop tó lágbára, iná tó dúró àti dátà lè jókòó sí Ògbómọ̀ṣọ́ kó máa ya nǹkan fún ará Texas. Upwork, Fiverr, àwọn ojúlé tí wọ́n ti ń wá òṣìṣẹ́ wọ̀nyẹn. Fiverr á yọ 20% nínú ohun tẹ́ ẹ bá gbà, ẹ ti mọ̀ ọ́n kalẹ̀ kẹ́ ẹ tó dá iye. Iṣẹ́ tí wọ́n máa kọ́kọ́ gbé fún yín kì í ṣe ṣíṣẹ̀dá nǹkan o, wọ́n á ní kẹ́ ẹ sọ PDF àtijọ́ di 3D, tàbí kẹ́ ẹ bá wọn ya pẹpẹ irin, owó kékeré, ìdíje pẹ̀lú àwọn ará Íńdíà àti Pakistan. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tó dáa ni oníbàárà gidi máa ń wá, onítọ̀hún tó ní ìrònú kan tí kò mọ bó ṣe máa di nǹkan.

Ọ̀rọ̀ software tẹ́ ẹ máa fi yà á níbí gba ìṣọ́ra. SolidWorks tí wọ́n fọ́, tí gbogbo hostel ń lò, ẹ má fi gba owó ẹlòmíì, oníbàárà tó mọ nǹkan máa béèrè license. Fusion tó jẹ́ ọ̀fẹ́, Autodesk ò fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń fi ṣòwò. Onshape ọ̀fẹ́ ń gbé gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá yà síta fún gbogbo ayé wò, kí ni oníbàárà tó fẹ́ gba patent máa sọ? FreeCAD ni kò ní irú wàhálà bẹ́ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni tòótọ́, látìgbà tí 1.0 ti jáde lópin 2024 ló sì ti ń ṣeé lò dáadáa, ó kàn gba sùúrù ni.

Owó ẹ̀ dọ́là ni, tó bá wọlé ó ń dùn. Kò sí ìdánilójú kankan. Ibi tó sì kù sí ni pé ẹ máa ya nǹkan ránṣẹ́, ẹ ò sì ní gbọ́ bóyá ó wọlé tàbí kò wọlé mọ́. Ọgọ́rùn-ún dírọ́ìnnì tí ẹ ò rí ìparí ẹ̀kankan nínú wọn, ọwọ́ yín á yá, ìmọ̀ yín ò ní fi bẹ́ẹ̀ jinlẹ̀. Ẹ máa bẹ oníbàárà pé kó fi fọ́tò ránṣẹ́ tí wọ́n bá ti ṣe é tán, ọ̀pọ̀ wọn á ṣe é.

ÒKÈ ÒKUN

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ yìí ti pọ̀ jù, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ìlú Ọba ní Dyson ní Malmesbury, ó ní àwọn ilé tó ń gba iṣẹ́ product development ṣe fún ẹlòmíì ní Cambridge, bíi Cambridge Consultants. Jámánì kún fún iléeṣẹ́ ìdílé kéékèèké tó jẹ́ pé ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni wọ́n ń ṣe, tí gbogbo ayé ń rà. Owó tó ń kọ́kọ́ jáde ló ń pa èèyàn.

Ní Ìlú Ọba, MSc ọdún kan lọ̀pọ̀ ń bá lọ, school fees ẹ̀ ń jẹ owó ilé odidi. Lẹ́yìn ẹ̀, Graduate visa fún ọdún méjì, àmọ́ ẹni tó bá kọ̀wé béèrè látọjọ́ kìíní oṣù January 2027, oṣù méjìdínlógún ni. Láàárín ìgbà yẹn lẹ gbọ́dọ̀ rí ẹni tó máa ṣe sponsor, owó oṣù tó kéré jù fún Skilled Worker, ìyẹn visa òṣìṣẹ́, sì ti gun £41,700 lọ́dún láti July 2025, fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ £33,400. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú àti ohun ìjà ò ní gbà yín torí security clearance, ẹ yọ wọn kúrò nínú ìṣirò.

Jámánì ò wọ́n tó bẹ́ẹ̀: ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba wọn kì í gba school fees, àwọn tó wà ní Baden-Württemberg wà lára àwọn tó ń gbà á, €1,500 ní sẹmẹ́sítà lọ́wọ́ àwa tá ò wá láti EU. Owó tí wọ́n máa ní kẹ́ ẹ tì mọ́ báńkì, €11,904 fún ọdún kan, ló ń le. Chancenkarte, ìyẹn visa wíwáṣẹ́, náà ti wà láti June 2024, ó ń fún ẹni tó ti kàwé tán ní ọdún kan láti wáṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀dè ni òkúta tó wà níbẹ̀. Àwọn iléeṣẹ́ kéékèèké yẹn, Jámánì ni wọ́n fi ń ṣèpàdé, Jámánì ni wọ́n kọ sórí dírọ́ìnnì, ẹni tí kò bá gbọ́ ọ dé B2 (ìpele kẹrin nínú mẹ́fà) á máa jà pẹ̀lú gbogbo ayé lórí ìwọ̀nba iṣẹ́ onígẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ mọ́tò níbẹ̀ náà sì ti rọ̀: Volkswagen fẹnu kò pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ lópin 2024 pé iṣẹ́ tó lé ní 35,000 máa dín kù títí 2030. Ẹ wo ẹ̀rọ ìṣègùn àti ẹ̀rọ ìdìpọ̀ oúnjẹ dípò ẹ̀.

Amẹ́ríkà, fún ẹni tó rí scholarship tàbí assistantship nìkan ni mo máa sọ ọ́. OPT, ìyẹn àyè láti ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìwé, ọdún kan ni, ẹnjiníà á fi oṣù mẹ́rìnlélógún kún un. Lẹ́yìn ìyẹn H-1B, visa iṣẹ́ wọn, lọ́tìrì ni. Iṣẹ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì tí gbogbo yín ń wò lórí YouTube, òfin ITAR, tó ń dáàbò bo ìmọ̀ ohun ìjà wọn, ti ti ilẹ̀kùn ẹ̀ mọ́ ẹni tí kò ní green card tàbí ìwé ọmọ onílẹ̀.

OHUN TÍ GBOGBO WỌN MÁA BÉÈRÈ

Portfolio. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì V8 tẹ́ ẹ wo tutorial yà. Ẹni tó ń gbaṣẹ́ ti rí V8 yẹn lọ́wọ́ gbogbo èèyàn. Ẹ mú nǹkan kékeré tẹ́ ẹ ṣe lóòótọ́, ojú ìwé kan péré: ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́ tí bearing ẹ̀ ń jóná, fọ́tò bearing tó jóná, ìdí tẹ́ ẹ rò pé ó fi jóná (ṣé omi ẹ̀gẹ́ ló ń wọ̀ ọ́ ni àbí ọ̀pá ló wọ́), dírọ́ìnnì àkọ́kọ́, dírọ́ìnnì kejì, fọ́tò lẹ́yìn tó ti ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀, iye tó ná yín. Àwọn pàǹtí irin tó wà ní Òwòdé Onírin tó fún bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ń ṣiṣẹ́ ju First Class lọ níwájú ọ̀gá tó mọ iṣẹ́.

TA NI KÓ MÚ ÈWO

Tẹ́ ẹ bá ṣì wà nílé ìwé tàbí tẹ́ ẹ ń lọ sìnlú, ijọba tàbí fákítìrì kékeré, owó ò ṣe pàtàkì níbẹ̀ yẹn, ₦77,000 ti ìjọba àpapọ̀ ṣáà ń wọlé fún agùnbánirọ̀. Tí ẹ ò bá tíì níyàwó tàbí ọkọ, tí ibi tẹ́ ẹ máa sùn kò ná yín lówó, startup ni kẹ́ ẹ fò sí, ẹ má rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ọdún méjì tó le ni, á sì sanwó fún yín. Ẹni tó ní ẹbí tó ń gbọ́ bùkátà wọn, fákítìrì, kó máa ya nǹkan tiẹ̀ lálẹ́. CAD orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ fi kún ọ̀kan nínú àwọn yòókù, ẹ má fi ṣe nìkan àfi tí àìlera tàbí ibi tẹ́ ẹ ń gbé bá dí yín lọ́wọ́. Òkè òkun, mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn pé kẹ́ ẹ tà'lẹ̀ lọ pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo, ẹni tó ti ṣe ọdún méjì nínú startup tàbí ilé ike kó tó lọ ló máa ń tètè ríṣẹ́ nínú oṣù méjìdínlógún yẹn, ẹni tó tilé ìwé bọ́ sílé ìwé ló máa ń parí ẹ̀ sí warehouse. Ẹni tó bá sì gbọ́ Jámánì dáadáa, kó gbàgbé Ìlú Ọba.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wà nínú maintenance fún ọdún márùn-ún, mẹ́fà, tẹ́ ẹ rò pé ó ti pẹ́ jù, ẹ má fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ máa bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ kékeré. Ẹ mú pátì kan tó máa ń bàjẹ́ jù lórí line yín, tí wọ́n ń dúró dè láti òkèèrè fún oṣù gbáko, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ yà á, ẹ gba iye tí àwọn tó ń lo lathe máa gbà láti gé e, kẹ́ ẹ wá mú un lọ sí tábìlì ọ̀gá yín pẹ̀lú iye tí iléeṣẹ́ ń pàdánù lójoojúmọ́ tí ẹ̀rọ bá dúró.